Gílóòbù Pupa Kàmọ́rù

Tí wọ́n bá ń ka àwọn tó fi ọwọ́ ara wọn ra wàhálà ní Enugu, Kàmọ́rù gbà pé orúkọ tòun ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ pè. Àgùnbánirọ̀ ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Emene, irorẹ́ sì bò ó lójú bí ẹ̀gúsí ṣe ń dì lójú ọbẹ̀. Sikirat tó fẹ́ fi ṣe aya kò ka ìyẹn sí. Ṣùgbọ́n Kàmọ́rù mọ ilé Yorùbá: wọn kì í fọmọ fún ọkùnrin láìwádìí àrùn ìdílé rẹ̀. Ní Sátidé ni yóò kọ́kọ́ fojú kan bàbá Sikirat, Àlhájì Bàdírù, télọ̀ kan ní Ogui. Bí wọ́n bá rí irú ojú yìí ńkọ́? Ó sì fẹ́ràn ọmọbìnrin náà dénú.

Ló bá gba ọjà Ogbete lọ, ó ra gílóòbù pupa kan.

“Ọ̀gá, this light go clear your face patapata,” ni ẹni tó tà á wí. “E good for waist pain too. But sit down far small, no tey for there o!”

Kàmọ́rù olùkọ́ ìṣirò ṣe ìṣirò tirẹ̀: bí díẹ̀ bá dára, púpọ̀ á dára jù. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ó gbé gílóòbù sún mọ́ imú, ó fi aṣọ di ojú, ni iná bá lọ. Ó ní òun á dúró dè é. Oorun gbé e lọ níbẹ̀. Iná dé, kò mọ̀. Ìgbà tí ojú ń ta á ló tó fò dìde.

Ó wo ojú rẹ̀ nínú dígí. Iwájú orí, imú, ẹ̀rẹ̀kẹ́, gbogbo rẹ̀ ti pọ́n, àfi ibi tí aṣọ bò.

“Kàmọ́rù, o kú iṣẹ́ o,” ó sọ fún ara rẹ̀. “O sá fún irorẹ́, o wá lọ yan ojú bí àgbàdo.”

Nígbà tí Sátidé fi dé, awọ ojú rẹ̀ ti ń bó. Ó dé Ogui, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò sì dìde mọ́.

“Dìde, ọmọ mi,” Àlhájì wí. Kò dìde.

“Ẹ wo ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé!” ni ìyá Sikirat ń wí. Inú Kàmọ́rù bàjẹ́ sí ìyìn náà. Ẹni tó fi ìdọ̀bálẹ̀ sápamọ́ ni wọ́n ń pè ní ọmọlúàbí! Nígbà tí apá wá ń ro ó, ó gbójú sókè.

Àlhájì yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú.

“Ta nìyí?”

“Èmi ni, bàbá. Kàmọ́rù.”

“Ó tì o. A ti rán èèyàn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní ìdílé yín mọ́, kò sí àrùn kankan níbẹ̀, irorẹ́ nìkan ló wà lójú ọmọ náà. Onírorẹ́ yẹn la gbà láti fún lọ́mọ. Ara tó ń bó yìí, ẹnikẹ́ni ò ròyìn rẹ̀ fún wa.”

Kàmọ́rù jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ gílóòbù. Ìyá Sikirat rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Sikirat fi ìborùn bo ẹnu. Àlhájì ò rẹ́rìn-ín.

“Èmi gbà ọ́ gbọ́,” ó wí, “ṣùgbọ́n ẹbí mi ò ní gbà. Máa lọ ná. Tí irorẹ́ rẹ bá ti dé, kí o padà wá.”

Ojú náà jinná, ó sì ń dán gbinrin. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Emene ń bi í ní ọṣẹ tó ń lò. Láràárọ̀ ni Kàmọ́rù ń dúró níwájú dígí, tí ó ń fọwọ́ wá ẹ̀rẹ̀kẹ́ kiri, tí ó ń bẹ Ọlọ́run fún irorẹ́ ẹyọ kan péré.