Igbó Bàbá Mi Láti Òkè

Mo lá àlá kan lóru àná, ara mi kò tíì balẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Ẹ jókòó tì mí, kí n rò ó fún yín kó tó bọ́ lórí mi. Ẹ ṣáà mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe n'Íbàdàn: àwòrán ilẹ̀ tí sátẹ́láìtì ń yà látòkè ni mò ń wò, kí n lè sọ ibi tó jẹ́ igbó tẹ́lẹ̀ tó ti di oko, àti ibi tó jẹ́ oko tó ti di ilé.

Nínú àlá náà, mo débi iṣẹ́, ọ́fíìsì wa ti kúrò nílẹ̀. Ó ń léfòó lókè bíi korobá òfìfo lójú odò. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì ju okùn sí mi.

"Àǹtí Abíọ́nà, ẹ tètè gòkè o, ọ̀gá ti dé."

Mo ká yẹ̀rì mi sókè, mo gun okùn. Kò yà mí lẹ́nu. Ohun tó dùn mí ni pé wọn kò sọ fún wa kí a má wọ bàtà gogoro wá.

Àwòrán Òkè-Ìròkò, abúlé bàbá mi, ló wà lójú kọ̀ǹpútà mi. Nínú irú àwòrán tiwa, pupa ni ewé máa ń hàn. Igbó tó bá dí á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Èyí tí wọ́n bá ti gé á rí bí eérú. Bí mo ṣe jókòó, àwòrán náà wúkọ́.

"Abíọ́nà, má ṣẹ́jú o."

"Kí ló dé?"

"Bí o bá ṣẹ́jú, igi á wó."

Mo lajú sílẹ̀, mi ò ṣẹ́ ẹ. Ẹ̀yin náà ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò, kò ṣe é ṣe pẹ́. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú mi. Mo ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, etí odò di eérú. Mo tún ṣẹ́ ẹ, gbogbo oko kòkó lọ.

Ni mo bá ká àwòrán náà kúrò lójú kọ̀ǹpútà bí ẹní, mo gbé e tọ Ọ̀gá Fákúnlé lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, igbó Òkè-Ìròkò ń tán lọ."

"A ti gbọ́," ni wọ́n wí. "A ó gbé ìgbìmọ̀ dìde."

Bí wọ́n ṣe ní "dìde", ìwo méjì yọ lórí wọn. Irùngbọ̀n yọ tẹ̀ lé e. Kí n tó mọ̀, wọ́n ti di òbúkọ, táì ṣì wà lọ́rùn wọn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn; òbúkọ tó bá jẹ́ ọ̀gá èèyàn, ọ̀gá ẹni náà ni. Wọ́n na ọrùn, wọ́n já àwòrán náà jẹ. Ibi tó pupa nìkan ni wọ́n ń jẹ.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, igbó bàbá mi nìyẹn."

"Mò ń yẹ̀ ẹ́ wò ni," ni wọ́n fi ẹnu kíkún dáhùn.

Ibi tí wọ́n ti já jẹ di ihò. Mo yọjú níbẹ̀, mo rí abúlé náà gan-an nísàlẹ̀. Bàbá mi, tí wọ́n kọ̀ tí wọn ò bá mi wá sí Ìbàdàn, jókòó síwájú ilé. Lẹ́yìn wọn, àwọn katapílà ń jẹko bọ̀ bíi màlúù, igi ni wọ́n ń jẹ.

"Bàbá mi o! Ẹ dìde! Wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn yín!"

Wọ́n gbójú sókè. "Abíọ́nà, ṣé ìwọ nìyẹn? Ó pẹ́ tí o ti ń rí wa?"

"Ó pẹ́ sà. Ọdọọdún ni mò ń rí i. Ọdọọdún ni mò ń kọ ọ́ ránṣẹ́."

"Sí ta ni?"

Mo wẹ̀yìn. Òbúkọ gùnfẹ̀.

Mo ju okùn géètì sísàlẹ̀, kò tó. Mo so gèlè mi mọ́ ọn, mo so wáyà kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, ó tó. Ṣùgbọ́n bàbá mi kò so ó mọ́ra wọn. Ìdí ìrókò kan ṣoṣo tó kù ni wọ́n so ó mọ́.

"Èmi ti gbó," ni wọ́n wí. "Èyí ni kí o fà."

Mo fà á títí ọwọ́ mi fi bó. Nígbà tó dókè, pákó ni, wọ́n ti là á. Mo wolẹ̀ padà: eérú ni gbogbo rẹ̀, mi ò rí ilé, mi ò rí bàbá mi. Òbúkọ na pátákò ẹsẹ̀ sí pákó náà.

"Ẹ kú iṣẹ́," ni wọ́n wí. "Ẹ yà á ní fọ́tò."

Oòrùn ló jí mi. Ó tàn sí mi lójú tààrà, mo sì mọ̀ pé oòrùn àárọ̀ kò wọ yàrá mi rí. Mo ṣí fèrèsé. Igi máńgòrò tó wà láàárín ilé wa àti ti Ìyá Adégòkè ti wà nílẹ̀. Wọ́n ti gé e lánàá kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé; ilẹ̀ ti ṣú, mi ò kíyè sí i. Ìyá Adégòkè ń gbá ewé rẹ̀ jọ.

"Abíọ́nà, o ti jí? Ìdọ̀tí rẹ̀ ló pọ̀ jù. Sìmẹ́ǹtì la fẹ́ dà síbẹ̀."

"Ẹ káàárọ̀ mà," ni mo wí. "Ẹ kú iṣẹ́."

Mo nawọ́ láti fa kọ́tìnì, kò sí. Mi ò ra kọ́tìnì rí. Láti ọjọ́ tí mo ti ń gbé ibẹ̀, igi yẹn ló ń bá mi dí oòrùn.