Fóònù Tó Rẹ́rìn-ín Nílé Ọ̀fọ̀

Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Fìdítì, wọn á sọ fún yín pé Ògúntúndé tó ń tún fóònù ṣe kì í gba ìwọ̀sí. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí lẹ́bàá ibùdókọ̀, iṣẹ́ mi sì mọ́. Nítorí náà, nígbà tí Tíṣà Dorcas dé láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí wọ́n ti ń pariwo kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà, mo ti dìde dúró dè wọ́n. Ká ní kì í ṣe pé màmá yìí ló kọ́ mi ní kíláàsì kẹrin ni, à bá fa wàhálà láàárọ̀ yẹn.

"Ògúntúndé! Ojú fóònù tí o pààrọ̀ fún mi, ayédèrú ni! Ó ti bà mí láyé jẹ́!"

"Ẹ káàárọ̀, mà. Kí ló dé?"

Wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn ti gba fóònù náà lọ́wọ́ mi ló ti ń tẹ ara rẹ̀. Bó bá mọ síbẹ̀, ẹ̀rín là bá fi rín. Ṣùgbọ́n ọkọ Ìyá Olúrẹ̀mí ní Ilora kú lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀rẹ́ ogójì ọdún ni Tíṣà àti Ìyá Olúrẹ̀mí. Tíṣà kọ ọ̀rọ̀ ìtùnú ránṣẹ́ sí wọn lórí Wásáàpù, wọ́n fi fóònù sí ṣájà, wọ́n lọ wo ọbẹ̀. Kí wọ́n tó padà dé, fóònù ti fi àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà. Méje gbáko! Sí obìnrin tí òkú ọkọ rẹ̀ kò tíì wọlẹ̀!

"Mo pè é, kò gbé e. Mo lọ sílé rẹ̀, wọn ò ṣílẹ̀kùn fún mi. Ọjọ́ Ẹtì ni ìsìnkú, Ògúntúndé. Wọn ò ní jẹ́ kí n débẹ̀."

Àánú wọn ṣe mí, ṣùgbọ́n ìbínú mi ju àánú lọ. Mo gba fóònù náà, mo tẹ̀ ẹ́ sókè, mo tẹ̀ ẹ́ sódò. Kò ṣe nǹkan kan. Àwọn ọlọ́kadà ti pé jọ. Abdulqoyyum, ọ̀kan nínú wọn tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ní, "Ọ̀gá, ojú fóònù yẹn ni o. Ẹ kúkú gbà."

Háà! Èmi? Mo gbé irin tí mo fi ń tú fóònù, mo fi ẹnu kàn án. Ọmọ Ògún ni wá nílé wa, a kì í fi irin ṣeré.

"Ojúlówó ni ojú fóònù tí mo fi síbẹ̀! Ẹni yòówù tí ọwọ́ rẹ̀ bá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, èmi ni màá wọ́ ọ lọ sí Ilora, kó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Olúrẹ̀mí kí wọ́n tó sin òkú. Bí n kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí Ògún bi mí léèrè!"

Tíṣà, tí wọ́n jẹ́ díákónì nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi, mi orí. "Ta ló ní kí o búra?"

"Ẹ jẹ́ ká lọ sílé yín, mà. Ojú mi ni màá fi rí i." Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa.

Ní pálọ̀ wọn, fóònù náà jókòó jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n bí Tíṣà ṣe fi ṣájà sí i báyìí, wèrè bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà ń tẹ ara wọn, ojú ewé ń ṣí, ó tún ń pe pásítọ̀. Mo yọ ṣájà, ó dákẹ́. Mo fi í padà, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wá yọ ṣájà tèmi nínú àpò, mo fi í sí i. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kọjá, kò sí ohun tó tẹ ara rẹ̀.

"Màmá, ọwọ́ ti tẹ olè! Iná kékeré ni ojú fóònù fi ń mọ ìka. Iná ṣájà olówó pọ́ọ́kú yìí kò dúró sójú kan, ojú fóònù wá ń rò pé ìka èèyàn ni. Ta ló fún yín ní pàǹtírí yìí? Ẹ dárúkọ rẹ̀!"

Tíṣà bọ́ awò ojú wọn.

"Ìwọ ni. Lọ́jọ́ tí o pààrọ̀ ojú fóònù, mo ní kí o fún mi ní èènì. O na ọwọ́ sínú páálí, o ní, 'Ẹ gba ṣájà, mà.'"

Òótọ́ ni. Ìbàdàn ni mo ti ra páálí náà. Owó rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń fi ṣe èènì fún oníbàárà, n kò sì dán ẹyọ kan wò.

"Jókòó," ni Tíṣà wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Àwa méjì péré la wà níbí. Màá ṣàlàyé fún wọn pé ṣájà ni, n kò ní dárúkọ ẹnì kan. Èmi ò tiẹ̀ gba Ògún gbọ́."

Ká má parọ́, ọkàn mi fà síbẹ̀. Orúkọ mi ni mo fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n mo dìde.

"Èmi gbà á gbọ́, mà. Ilora là ń lọ báyìí."

Abdulqoyyum ló fi ọ̀kadà gbé wa. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lójú ọ̀nà, kó lè ráyè ròyìn fún gbogbo Fìdítì. Kò rẹ́rìn-ín, ó kàn ń wa ọ̀kadà rẹ̀ lọ.

Olúrẹ̀mí fúnra rẹ̀ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní màmá òun ò fẹ́ rí Tíṣà. Mo ní èmi ni mo wá rí wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyẹ̀pẹ̀, mo lọgun:

"Màmá, ẹ̀rín tí ẹ rí lórí fóònù yín, èmi ni mo fà á! Ṣájà burúkú tí mo fún Tíṣà ló tẹ̀ ẹ́. Wọn ò sí nídìí rẹ̀ rárá. Èmi ni kí ẹ bínú sí!"

Àwọn aládùúgbò jáde. Ọ̀kan pòṣé, òmíràn bi mí pé ṣọ́ọ̀bù wo. Mo dárúkọ mi, mo dárúkọ ibi tí ṣọ́ọ̀bù mi wà. Iyẹ̀pẹ̀ ń wọ̀ mí lẹ́nu, n kò dákẹ́ títí mo fi sọ ọ́ tán.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá Olúrẹ̀mí jáde pẹ̀lú aṣọ dúdú lọ́rùn wọn. Wọ́n kọjá lára mi bí ẹni pé n kò sí níbẹ̀, wọ́n lọ dúró síwájú Tíṣà.

"Dorcas, ogójì ọdún ni mo ti mọ̀ ọ́. Mo wá gba fóònù gbọ́ jù ọ́ lọ."

Wọ́n fẹ́ kúnlẹ̀. Tíṣà gbá wọn mú kí orúnkún wọn tó kanlẹ̀, àwọn méjèèjì sì bú sẹ́kún. Kò sẹ́ni tó rántí sọ fún mi pé kí n dìde, èmi náà ò sì dìde.