Kò Tó Nǹkan, Ẹ Máa Mú Un Lọ

Ní Shiraz, ìlú kan ní Iran, ọ̀rọ̀ ẹnu dùn ju oyin lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi í mu ẹ̀kọ. Awakọ̀ takisí á gbé ọ délé, o béèrè iye owó, á ní, "Kò tó nǹkan, ẹ máa lọ." Wàá bẹ̀ ẹ́, á kọ̀, wàá tún bẹ̀ ẹ́, á wá gba owó rẹ̀ pé pérépéré. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ tó sì bá tirẹ̀ lọ lóòótọ́, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Dókítà Sotudeh tó ti Tehran wá mọ èyí dáadáa. Ohun tó bí Golnush nínú gan-an nìyẹn.

Golnush ń kẹ́kọ̀ọ́ láti di dókítà ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Daneshvar. Purotéènì kan ló ń ṣe. Nínú ara ènìyàn, iṣẹ́ purotéènì yìí ni láti lẹ àmì mọ́ àwọn purotéènì mìíràn tó ti gbó, kí ara lè mọ ohun tó yẹ kó fọ́ dànù. Yubikuítìn láígéèsì ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè tó ń ṣe é kò tà á fún wọn ní Iran. Golnush ní kò burú. Ó fi àbùdá ènìyàn sínú bakitéríà, ó ní kó máa bá òun ṣe é. Lákọ̀ọ́kọ́, purotéènì náà dì gbàgìdì bíi wàrà tó bàjẹ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó tún un ṣe, ó tún bàjẹ́. Ó wá gbé bakitéríà náà síbi tútù kó má baà kánjú, ìgbà yẹn ló bọ́ sí i. Ìgò tín-ín-rín díẹ̀ péré ló rí. Láìsí wọn, kò lè parí ìwádìí rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, níṣojú Golnush, Daneshvar fún Sotudeh àlejò rẹ̀ ní tíì, ó sì fi àwọn ìgò náà hàn án nínú àpótí yìnyín, torí ooru máa ń bà wọ́n jẹ́. Sotudeh yìn wọ́n, ó tún yìn wọ́n.

"Kò tó nǹkan, tiyín ni, ẹ máa mú un lọ," ni Daneshvar wí, bí ó ti mọ́ ọn lẹ́nu.

"Áà, kí ọwọ́ yín má ro yín o!" Sotudeh fi dúpẹ́ bẹ́ẹ̀, ó gbé àpótí, ó jáde.

Daneshvar lanu, kò lè pa á dé.

"Ọ̀gá, ẹ pè é padà!" ni Golnush ké.

"Kí n pè é báwo? Ẹnu mi ni mo fi fún un. Òun náà sì wà lára àwọn tó máa ṣe ìdánwò àṣekágbá fún ọ, ọmọ mi. Ṣe sùúrù."

"Yìnyín ń yọ́, ẹ ní kí n ṣe sùúrù!"

Golnush sáré sọ̀ kalẹ̀. Ó bá Sotudeh lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, lábẹ́ igi ọsàn kíkorò.

"Dókítà, ẹ dákun, ẹ fún mi ní àpótí yẹn."

Sotudeh rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ní ará Shiraz kì í dìde lórí ibùsùn kí oòrùn tó wọ̀. Àṣé ẹ máa ń sáré!"

"Bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ wa lọ, a máa ń sáré."

"Ṣé olè lo fẹ́ pè mí ni? Ọ̀gá rẹ ló fún mi. Ó ní kò tó nǹkan."

"Ó tó nǹkan! Oorun ojú mi ló wà níbẹ̀. Ẹ mọ̀ pé kíkọ̀ ló yẹ kí ẹ kọ̀, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ gbà á ni."

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tó ń bomi rin òdòdó dáwọ́ dúró. Sotudeh rí i pé wọ́n ń wo òun, ó sọ ohùn rẹ̀ di ohùn bàbá. Ó na àpótí síwájú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dì í mú ṣinṣin.

"Ó dáa, ọmọbìnrin mi. Tìrẹ ni. Kò tó nǹkan, máa mú un lọ."

Gbogbo wọn mọ ohun tó kù kí Golnush sọ: ó yẹ kó kọ̀, kó ní ẹ̀yin lẹ ni ín, Dókítà. Omi ti ń kán lábẹ́ àpótí náà.

"Ẹ ṣeun, mo gbà," ni Golnush wí, ó sì já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Daneshvar ti rí gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé. "O ò tiẹ̀ kọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Ojú tì mí. Ọkùnrin yẹn máa jókòó níwájú rẹ lọ́jọ́ ìdánwò o."

Golnush ń to àwọn ìgò náà padà sínú ẹ̀rọ amóhuntutù, kò kábàámọ̀ rárá.

"Kó jókòó, Ọ̀gá. Ohun tó fẹ́ gbé lọ yìí náà ni màá fi dá a lóhùn."