Pèrègún Fẹ́yìsayọ̀

Lọ́jọ́ tí rédíò kéde pé wọ́n máa yọ ìjọba ìbílẹ̀ tuntun lára Odigbo, gbogbo abúlé tó wà láàárín Ajue àti Àgọ́ Aláyé ló jó. Fẹ́yìsayọ̀ náà jó. Opó ni, oko kòkó tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ló fi ń tọ́ ọmọ, ó sì rò pé bí ìjọba bá súnmọ́ ilé, ọ̀nà gidi kò ní pẹ́ dé oko. Kò rántí pé ọ̀bẹ tó ń pín ẹran kì í bi ẹran léèrè.

Àwọn tó wá pààlà dé láti Ore. Wọ́n béèrè ibi tí ààlà àtijọ́ wà. Adégbóyè, baálẹ̀ abúlé, ẹ̀gbọ́n ọkọ Fẹ́yìsayọ̀, na ọ̀pá sí pèrègún tó tò lọ rẹrẹ létí oko kòkó.

"Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ta ló ń gbin pèrègún lásán nílẹ̀ yìí, bí kò bá ní pààlà?"

Wọ́n mi orí, wọ́n fi ọ̀dà pupa kùn ún. Abúlé bọ́ síhìn-ín, kòkó Fẹ́yìsayọ̀ bọ́ sọ́hùn-ún.

Ó tẹ̀lé Adégbóyè délé, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, èmi ni mo gbin pèrègún yẹn. Nítorí ewúrẹ́ yín ni, kí wọ́n má bàa wọ oko."

Adégbóyè rẹ́rìn-ín títí ìwọ̀nba eyín tó kù ní ẹnu rẹ̀ fi yọ. "Ìyàwó wa! Ṣé ewúrẹ́ mi ló wá di baba ńlá wa báyìí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn. Oko àbúrò yín ti bọ́ sódìkejì."

"Oko kì í rìn. Wọ́n ní abúlé yìí ni sẹkitéríàtì ìjọba tuntun máa wà, bí àwọn ará ìlú tó wà lódìkejì ò bá bá wa ja ààlà. Ṣé kí n wá torí kòkó ba ìyẹn jẹ́? Lọ gbàdúrà."

Ó gbàdúrà. "Ọba tó fi iyanrìn pààlà fún òkun, tí òkun ò gbọdọ̀ ré e kọjá. Ògiri gbágbágbá lẹ́yìn opó. Má jẹ́ kí ohun tí mo fọwọ́ ara mi gbìn ó hu ẹ̀gún fún mi."

Nígbà tó dé oko, ó bá Báyọ̀ àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ọmọ ìlú ọ̀hún, lábẹ́ igi rẹ̀, wọ́n ń lá kòkó rẹ̀. Ẹ̀bà Fẹ́yìsayọ̀ ni Báyọ̀ jẹ dàgbà.

"Ìyá Moyọ̀sọ́lá, ẹ kú ìrìn o. Ẹ ti ṣìnà. Ìjọba yín parí síbi pèrègún."

"Ká kúkú gba físà fún wọn!" ọ̀kan nínú wọn sọ. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Báyọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ń pọ́n àdá rẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ẹ máa lọ, Ìyá. Ẹ má jẹ́ kí n tún rí yín níbí. Ẹ ṣeun, mà."

Ọ̀wọ̀ yẹn ló bà á lẹ́rù ju àdá lọ.

Ó gbé ọkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hú pèrègún. Tọ̀tún tòsì, àwọn èèyàn jáde wá dúró. Adégbóyè dé, ó ṣí fìlà bí ìgbà tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹni tó bá hú ààlà," ló wí, "kí ilẹ̀ ó hú òun náà, lórúkọ Jésù!"

"Àmín!"

Ohùn kan gbẹ̀yìn tiwọn. Ohùn Fẹ́yìsayọ̀ ni. Bí wọ́n bá ti pe orúkọ yẹn, ẹnu rẹ̀ kì í dúró gbàṣẹ.

"Ẹ gbọ́?" Báyọ̀ ní. "Ìyá fúnra wọn ti ṣàmín sí i pé ààlà ni."

Adégbóyè dé fìlà rẹ̀. Kò wo ojú Fẹ́yìsayọ̀. "Ìyàwó wa, gbin èyí tó o hú padà."

Ó kúnlẹ̀. Pèrègún kì í ṣòroó gbìn. Bó ṣe ń tì í bọ ilẹ̀ ló ń dúró. Nígbà tó fi máa gbé orí sókè, àwọn ará ilé rẹ̀ ti ń lọ sílé, ẹ̀yìn wọn ló ń wò. Báyọ̀ àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò lọ. Ìgbà yẹn ló tó rí i pé ìhà ààlà tiwọn ni òun kúnlẹ̀ sí.