Orúkọ Tí Ìyàwó Kì Í Pè

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi omi wẹ ẹsẹ̀ Fàsílátù lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkọ ní Ẹdẹ, kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá nílé náà rí. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ. Ó ní, "Ẹni tó bá ti ṣáájú rẹ dé ilé yìí, bó ṣe ọmọ ọwọ́, ọkọ rẹ ni. Wá orúkọ tó dùn fún un." Fàsílátù wò yíká, ó rí ọmọdékùnrin kan, àbúrò ọkọ rẹ̀, tó ń fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín sí i. Ó ní, "Eyínfúnjowó ni tèmi nìyí." Àwọn obìnrin ilé bú sẹ́rìn-ín, orúkọ náà sì mọ́ ọmọ lára títí ó fi di bàbá ọlọ́mọ.

Àfi bí akọ̀wé kóòtù ṣe dìde láàárọ̀ ọjọ́ yìí, tó ké "Teslim!" sáàárín èrò bí ẹni sọ òkò sọ́jà. Orúkọ àbísọ Eyínfúnjowó ni. Fàsílátù fi ìborùn bo etí lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́dà kan mú Eyínfúnjowó wọlé, ó tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ọwọ́ rẹ̀, ó sì dúró tì í níbi tí wọ́n fi igi yí ká fún olùjẹ́jọ́. Ọkùnrin náà ti rù, ewú ti gba irùngbọ̀n rẹ̀. Ọlọ́run ọba, ta ló mọ̀ pé ojú tó máa ń rẹ́rìn-ín náà lè rí báyìí?

Wọ́n ní ó jí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa omi ní oko ẹja kan ní Sẹkọna, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan. Olóko ní ẹ̀yìn olè ni òun rí, ó sì jọ Teslim tó ti bá òun ṣiṣẹ́ rí. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án yẹn gan-an, orí òrùlé Fàsílátù ni Eyínfúnjowó wà, tó ń kan páànù tí ìjì ṣí. Àwọn ará ilé yòókù ti lọ síbi ìnáwó ní Awo. Àwọn méjèèjì nìkan ló kù nílé, àti Ọlọ́run. Fàsílátù nìkan ló sì lè jẹ́ ẹ̀rí tó máa gbà á lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n.

Adájọ́ náà, obìnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀, fi ọwọ́ ara rẹ̀ ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Bí kálàmù rẹ̀ kò bá tíì dúró, ẹnu kankan kò gbọdọ̀ là. Fàsílátù gbé Kùránì, ó búra. Kẹ́mi, agbẹjọ́rò ọ̀dọ́bìnrin tó ń gbèjà Teslim, bi í pé ta ni wọ́n jọ wà nílé lọ́jọ́ náà.

"Eyínfúnjowó ni."

Inspẹ́kítọ̀ Ọláníyan, ọlọ́pàá tó ń rojọ́ fún ìjọba, fò dìde. "Olúwa mi, ohun tó sọ fún wa ní tẹ́ṣàn náà nìyẹn. Kò sí Eyínfúnjowó nínú ẹjọ́ yìí. Teslim la mú wá."

"Òun náà ni," Fàsílátù nawọ́ sí i.

"Ta ni òun náà, Mámà?" Ọláníyan bi í.

"Ọkọ mi."

"Ọkọ yín kò ti kú ni?"

"Àbúrò rẹ̀ ni. Ọkọ mi náà ni."

Pẹ̀lúmi, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣe ògbufọ̀, họ orí. Èrò ń rẹ́rìn-ín. Ọláníyan náà rẹ́rìn-ín. "Mámà, orúkọ ni ìyàwó mi fi ń jí mi láràárọ̀. Ilé wa kò tíì wó."

"Bóyá òrùlé yín ni kò tíì jò, Inspẹ́kítọ̀. Ẹ ò bá ti mọ ẹni tó ń jẹ́ ọkọ."

Kóòtù hó. Adájọ́ kan tábìlì, ó wá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. "Mámà, wọ́n ń ṣe é nílé tiwa náà. Ìyá mi kò pe orúkọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi títí tó fi kú. Mo mọ ẹni tí ẹ ń bá wí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo mọ̀ kọ́ ni mo lè kọ síbí, ohun tí ẹ bá fi ẹnu yín sọ ni. Agbẹjọ́rò kò sì gbọdọ̀ fi sí yín lẹ́nu."

Ọkàn Fàsílátù sá padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àtijọ́. Níbẹ̀, baálé á jókòó lórí ẹní, ẹlẹ́jọ́ á dọ̀bálẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò bi ọ́ léèrè orúkọ ẹnikẹ́ni. Oríkì ẹni ni ìwé ẹni. Àwọn ìyá tó kọ́ ọ ti lọ, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti di búlọ́ọ̀kù, àwọn ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń pe gbogbo ayé lórúkọ. Òun nìkan ló kù tó ń ṣọ́ ẹnu. Ó gbìyànjú oríkì Eyínfúnjowó wò:

"Ọmọ afìjà sílẹ̀ bá wọn pín omi,
Ọmọ ilé gbọọrọ tí àlejò ń gbé ju onílé lọ,
Ẹni tó délé yín tí kò yó, ọwọ́ rẹ̀ ni kò bọ àwo..."

Kálàmù adájọ́ kò mì.

Nígbà náà ni Fàsílátù kúnlẹ̀, ó kọjú sí olùjẹ́jọ́. "Ìyá wa, ẹ dárí jì mí níbi tí ẹ wà. Ọkọ mi, má bínú." Ó yíjú sí adájọ́. "Teslim ni. Teslim ló ń kan páànù mi, láti ìrun Àílà títí di Alásárì. Teslim kò gbé ẹsẹ̀ jáde nílé."

"Ẹ dìde, ìyàwó wa," ni Teslim sọ, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́dà tó yẹ kó pa á lẹ́nu mọ́ ń wo ojú fèrèsé. Kálàmù ti ń lọ.

Ọláníyan ní òun kò ní ìbéèrè mọ́. Adájọ́ wọlé lọ díẹ̀, ó padà, ó ní ẹ̀yìn lásán kì í ṣe ojú, obìnrin yìí sì ti búra. Níbi tí iyèméjì bá wà, ti olùjẹ́jọ́ ni. Ó dá Teslim sílẹ̀.

Lẹ́nu géètì, Fàdìlàt, ìyàwó ọmọ rẹ̀, dì mọ́ ọn. "Màámi! Ẹ̀yin náà mà mọ orúkọ rẹ̀! Báwo ló ṣe rí lẹ́nu yín?"

Fàsílátù ń wo Teslim tó dúró sínú oòrùn, tó ń nara bí ẹni ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

"Bí ẹni ṣí gèlè láàárín ọjà," ó ní. "Bí wọ́n bá sì tún mú un lọ́la, n óò tún ṣí i."