Mọ́dẹ̀mù Inú Jalabíà

Nàjíbà ki ọwọ́ bọ àpótí aṣọ bàbá rẹ̀ tó ti ṣaláìsí, ọwọ́ kan pákó. Àpótí ṣófo! Jalabíà funfun tí òun fúnra rẹ̀ ń tọ́jú mọ́dẹ̀mù sí lápò kò sí níbẹ̀ mọ́.

Agogo méjì ọ̀sán ti kọjá. Fọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì yóò padé ní agogo mẹ́rin, tó bá sì di ọdún tó ń bọ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ yóò ti ju èyí tí wọ́n ń gbà lọ. Ó ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú láàpútọ́ọ̀pù, ó ku kó fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n iná ti lọ láti àná, gbogbo kaféè íńtánẹ́ẹ̀tì àdúgbò Aboabo ti ti ilẹ̀kùn, fóònù oníbọ́tìnnì sì ni tirẹ̀. Mọ́dẹ̀mù tí kò ju ìka ọwọ́ lọ yẹn, tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ láàpútọ́ọ̀pù láti fi wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, nìkan ló kù.

"Màmá! Jalabíà Bàbá dà?"

Hàjàrá ìyá rẹ̀ kò gbójú kúrò lára ìrẹsì tó ń ṣà. "Ṣé àná kọ́ la ṣe ogójì ọjọ́ bàbá ẹ ni? Mo ti fi ṣe sàráà. Àáfà Ìkrìmà ní àdúgbò Sakasaka ló gba funfun yẹn."

"Ẹ ò yẹ àpò ẹ̀ wò?"

"Kai! Ṣé olè ni mí, tí màá máa tú àpò òkú? Má sì débẹ̀ o. Ohun tí a ti torí Ọlọ́run fún èèyàn, a kì í lọ béèrè ẹ̀. Àbí o fẹ́ kí ẹ̀san ẹ̀ bọ́ mọ́ bàbá ẹ lọ́wọ́?"

"Ẹ̀san kọ́ ni mò ń wá, Màmá. Mọ́dẹ̀mù ni!"

Ó gbé láàpútọ́ọ̀pù kọ́ èjìká, ó sá lọ. Nígbà tó dé Sakasaka, ẹ̀fọ́rí oòrùn ti mú un. Kò tíì kí Àáfà Ìkrìmà tán tó fi rí jalabíà náà lórí okùn, tí omi ń kán tó tó tó létí rẹ̀.

"Ọmọ Àbdùsàlámì, a kì í ṣàìfọ aṣọ òkú ká tó wọ̀ ọ́," ni Àáfà wí. "Inú ọṣẹ ló sùn mọ́jú."

Nàjíbà ki ọwọ́ bọ àpò. Mọ́dẹ̀mù wà níbẹ̀, ó ń da omi.

"Ṣé kì í ṣe tírà ni?" Àáfà sún mọ́ ọn. "Ọwọ́ mi kan nǹkan líle níbẹ̀. Mo rò pé tírà tí bàbá ẹ rán sínú awọ ni, omi ò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n yọ ọ́."

Nàjíbà fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó fi ìborùn nù ún, ó sá a sórí ògiri gbígbóná títí wọ́n fi pe ìrun àsárì. Ó wá kì í bọ ẹ̀gbẹ́ láàpútọ́ọ̀pù. Iná ara rẹ̀ tàn fírí. Iná náà kú. Ó yọ ọ́, ó tún kì í bọ̀ ọ́. Ó gbọ̀n ọ́n, ó tún kì í bọ̀ ọ́. Òkùnkùn.

"Jẹ́ kí n bá ẹ ṣe àdúà," ni Àáfà wí.

"Ẹ bá mi sọ fún Ọlọ́run kó so agogo mẹ́rin mọ́lẹ̀."

Agogo mẹ́rin kò dúró. Fọ́ọ̀mù tó kọ fún oṣù kan ṣì wà lójú láàpútọ́ọ̀pù, orúkọ rẹ̀ lókè gàdàgbà, títí bátìrì fi tán tí gbogbo rẹ̀ fi ṣú.

Ẹnu ọ̀nà ni ìyá rẹ̀ ti pàdé rẹ̀. "O ò gba jalabíà náà padà, àbí?"

"Rárá, Màmá." Ó ju mọ́dẹ̀mù sínú àpótí tó ṣófo, ó pa á dé. "Ẹ̀san Bàbá pé. Tèmi ló wọmi."