Mẹ́rìnlá Ni Mo Kà

"Ìyá Ìkarahun, kọ mẹ́rin síbẹ̀, ká máa lọ." Ọ̀gá ti báírò sí mi lọ́wọ́.

Ìkarahun aláwẹ́ méjì ló wà níwájú mi, irú èyí tó ń gbẹ́lẹ̀ gbé nínú iyanrìn òkun. Ọdọọdún ló ń fi ìlà kan kún ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, a jẹ́ pé wọ́n ń tètè dàgbà nìyẹn, ilé-iṣẹ́ ńlá kan á sì gbàṣẹ láti fi ẹ̀rọ kó gbogbo wọn nílẹ̀. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rọ ò gbọdọ̀ débẹ̀.

Ìlà ẹ̀yìn ìkarahun nìkan ni ọ̀gá kà. Bẹ́ẹ̀, bí ẹ̀dá yìí bá ti ń darúgbó, ìdàgbà rẹ̀ á falẹ̀, ìlà etí rẹ̀ á fún mọ́ra bíi pé ẹyọ kan ni. Ẹni tó bá fara balẹ̀ pa èèrà ló ń rí ìfun inú rẹ̀. Mo fi ayùn là á níbi tí awẹ́ méjèèjì ti so pọ̀, mo dán an, mo gbé e sábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Mo bẹ Ọlọ́run kí ojú mi má purọ́ fún mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á.

A-gbénú-iyanrìn-má-dọ̀tí, a-tìlẹ̀kùn-mọ́-ìjì, arúgbó tí kì í bu ọjọ́ orí rẹ̀ kù! Ọdún mẹ́rìnlá!

"Ọ̀gá, ẹ wá wò ó."

"Èmi? Ìwọ tí o ò dé yunifásítì rí lo fẹ́ kọ́ mi ní ìṣirò?"

"Ẹ má bínú, sà. Ilé ni bàbá mi ti kọ́ mi ní ení, èjì. Mẹ́rìnlá tiwa náà kò dín."

Akọ̀wé, obìnrin tí òǹtẹ̀ tó ń fàṣẹ sí ìwé wa wà lọ́wọ́ rẹ̀, fi ikọ́ bo ẹ̀rín.

"Wàá fiṣẹ́ sílẹ̀ o!" Ọ̀gá nàka sí mi.

"Ẹni tó ń bọ́ èyí lábẹ́ iyanrìn á bọ́ mi."

Mo kọ mẹ́rìnlá, mo buwọ́ lù ú. Ọ̀gá fà á ya. Mo mú ìwé mìíràn, mo tún kọ ọ́, mo gbé e fún akọ̀wé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó dá yín lójú?"

"Wá fojú ara rẹ kà á."

Ó gbé òǹtẹ̀ dání wá, ó fojú sí awò, ó ń kà á sókè. Ó kọjá mẹ́rin. Nígbà tó dé mẹ́jọ, ọ̀gá ti mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀.

"Ẹ dúró, sà," mo ní. "Ó ku mẹ́fà."